Ọ̀nà Tó Ṣeé Padà

Láti ọdún 1896 ni wọ́n ti la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gun Yr Wyddfa, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Wales, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon. Òkè náà ga tó mítà 1,085. Ẹni tó bá sanwó ọkọ̀ á jókòó jẹ́jẹ́, á máa wo àgùntàn lójú fèrèsé, títí ọkọ̀ á fi gbé e dé ìtòsí ṣóńṣó òkè, níbi tí wọ́n kọ́ ilé kan sí tó ti lè mu tíì gbígbóná. Ní òwúrọ̀ kan náà, àwọn mìíràn á gbéra láti Pen-y-Pass, wọ́n á yà kúrò lójú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èrò ń tọ̀, wọ́n á kọrí sí Crib Goch. Mítà 923 ni ìyẹn ga, orí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí téńté òrùlé. Níbẹ̀, ọwọ́ ló ń di àpáta mú, ẹsẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò tẹ̀, ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Bó bá yá, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀ á pàdé lórí ṣóńṣó kan náà, wọ́n á jọ tò láti ya fọ́tò. Bó bá jẹ́ pé orí òkè nìkan ni èrè gígun òkè, a jẹ́ pé òmùgọ̀ lẹni tó gba Crib Goch, ọlọ́gbọ́n lẹni tó wọ rélùwéè. Kò sí ẹni tó mọ òkè tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wá kù nílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lọ: kí ló ń sọ ọ̀nà líle di ohun tó yẹ kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn?

Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìbéèrè yìí tún wúwo sí i, torí ìrọ̀rùn ni àdúrà wa. Nígbà tí nǹkan bá le, òkè la fi ń pè é: òkè ìṣòro. Ẹni tó jí láàárọ̀ ń bẹ Ẹlẹ́dàá pé kí ọ̀nà òun là, kí òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí àwọn baba wa bá sì gun òkè, ó nídìí. Ogun ló gbé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ààbò ló mú kí àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ìran dé ìran kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 660 ni àlejò ń gùn lónìí kó tó fojú kan ààfin àtijọ́. Agùnpẹ fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ nítorí ẹmu àti ẹyìn. Ẹni tó lọ sórí òkè àdúrà, Ọlọ́run ló lọ bá sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó gun òkè torí pé ó wù ú kí ọ̀nà le. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé àfọwọ́fà ni kí èèyàn fi ọjọ́ ìsinmi rápálá lórí àpáta Wales, pé ẹni tí ìyà kò jẹ rí ló ń lọ wá ìyà kiri, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọgbọ́n àwọn tó mọ òkè gẹ́gẹ́ bí ibi ìsápamọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà gbà pé ìyà kò ní èrè kankan nínú ara rẹ̀. Ibi tí a ti yà ni pé ìyà kọ́ ni ọ̀nà àpáta ń tà, bí ẹni tó ń rà á bá mọ ọjà rà.

Scrambling ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìgùnkè yìí. Ó ju ìrìn lásán lọ, torí ọwọ́ wọ̀ ọ́. Kò sì tíì dé gígun àpáta tí wọ́n fi okùn àti irin ṣe. Ìwé atọ́nà wọn pín in sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní, ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí òòyì kì í kọ́ níbi gíga, lè bá a yí láìmú okùn dání. Ní ìpele kẹta, ẹni tó bá gbọ́n á mú okùn. Àmọ́ ìpele wulẹ̀ ń sọ bí òkúta ti le tó ni. Kò sọ bóyá ọ̀nà náà dára, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n rò pé ẹni tó ti ṣe ìkíní kò ní ohun tó kù ju kó lọ ṣe ìkejì, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo apá àríwá Tryfan, òkè kan tó dúró gbagidi lẹ́bàá adágún Llyn Ogwen, tó fi díẹ̀ kọjá mítà 917. Ìpele kìíní ni. Apá òkè náà fẹ̀, òkúta gbé òkúta pọ̀n, kò sí ojú ọ̀nà kan pàtó tí a lè sọ pé òun ni. Ẹni tó bá dé ẹsẹ̀ ògiri òkúta tó ga tó ènìyàn méjì á dúró. Á na ọwọ́ sí i, á wò ó bóyá ojú tó sán lára rẹ̀ gba ìka mẹ́ta tàbí ìka kan péré. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, torí òkúta tó bá dún bí agbè òfìfo kò ṣeé fi ara tì. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á yà sósì, bóyá kòtò kan tí koríko hù sí wà níbẹ̀ tó gba ara. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, á fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, á wá ọ̀tún lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò ní mọye ìgbà tó ti ṣe irú ìpinnu yìí, kékeré kékeré, tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ̀rí bóyá ìpinnu náà tọ̀nà. Ohun tí mo pè ní èrè nìyẹn. Ọ̀nà tó dára ni èyí tó ń bi ọ́ léèrè ní gbogbo ìṣísẹ̀, tó sì ń gbà bí o bá dáhùn pé rárá. Rélùwéè Yr Wyddfa kò bi èrò rẹ̀ ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Àtẹ̀gùn Ìdànrè ń béèrè èémí gígùn àti orúnkún líle, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló ń bi ọ́ ní ìgbà tó lé ní 660.

Lórí Tryfan kan náà, ohun tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà wà ní ṣóńṣó. Òkúta méjì ló dúró ṣánṣán níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n ní Ádámù àti Éfà, àwọn ará Wales ń pè wọ́n ní Siôn a Siân. Àṣà ni kí ẹni tó bá láyà fò láti orí ọ̀kan sórí èkejì. Àlàfo àárín wọn kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ọmọdé á fò ó lórí ilẹ̀ láìsí pé ó dáwọ́ eré dúró. Lójú tèmi, fífò yẹn ni ohun tó rẹlẹ̀ jù lórí òkè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun làwọn èèyàn fẹ́ràn láti yà ní fọ́tò. Ìpinnu kan ṣoṣo ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí Ádámù, olúwarẹ̀ kò tún ní ohunkóhun tó lè yàn mọ́ títí yóò fi balẹ̀ sórí Éfà, tàbí tí kò fi ní balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rí tó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ akéwì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní oṣù Ògọ́sítì 1802, Samuel Taylor Coleridge dá nìkan gun Scafell, láàárín àwọn òkè àti adágún tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kò wá ọ̀nà kiri. Ibi tó kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lójú ló gbà, ibi tí wọ́n ń pè ní Broad Stand. Àpáta ibẹ̀ rí bí pẹpẹ ńláńlá tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ara wọn. Ó fọwọ́ rọ̀ mọ́ etí àkọ́kọ́, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìkejì. Pẹpẹ kọ̀ọ̀kan tó bẹ́ sí ń ti ilẹ̀kùn èyí tó wà lókè mọ́ ọn lẹ́yìn, torí ohun tí apá lè sọ ara kalẹ̀ lé lórí kì í ṣe ohun tí apá lè fa ara gòkè padà sí. Nígbà tó yá, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, èyí tó kù nísàlẹ̀ ga jù ú lọ, ibi tí yóò balẹ̀ sí sì tóóró débi pé bó bá bẹ́, ẹ̀yìn ni yóò fi ṣubú. Ó ròyìn nínú lẹ́tà tó kọ pé òun rí òkú àgùntàn tó ti jẹrà níbẹ̀. Àwọn darandaran àgbègbè náà mọ ohun tó ń pa irú àgùntàn bẹ́ẹ̀: koríko tútù ló rí lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, ó bẹ́ sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó rí òmíràn nísàlẹ̀ ìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ padà ló máa ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó gbé òun sọ̀kalẹ̀ kò lè gbé òun gòkè.

Coleridge dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wo ìkùukùu tó ń sáré kọjá lókè, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni orí rẹ̀ dà rú, ó sì ń yin Ọlọ́run nítorí agbára òye àti agbára ìpinnu tó fi fún ọmọ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló rí ibi tí àpáta ti sán láti òkè délẹ̀. Ó yí àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó yọ́ gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó wà láàárín ògiri méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ọpẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Èmi gbà pé ọpẹ́ náà jẹ́ òótọ́, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé. Agbára ìpinnu tó ń dúpẹ́ lé lórí gan-an ló ti ń ná dànù láti pẹpẹ dé pẹpẹ, tí kò fi ku kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti àgùntàn jọ gba ọ̀nà kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú àpáta kan tó sán, òun kọ́ ló sì là á.

Ẹnì kan á sọ pé mo ti pa adùn rẹ̀: ewu ni iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí, bí ilẹ̀kùn ìpadà bá ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, eré ọmọdé ni. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan fẹ́ sún mọ́ èyí. Kant, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1790, ṣàlàyé pé àpáta tó gbé ojú ikú lé ènìyàn lórí lè mú ọkàn wa ga sókè, àmọ́ ó fi kún un pé àfi bí a bá wà níbi tí ewu kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gun àpáta kò sí níbi tí Kant jókòó sí; ewu lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí òjò rọ̀ sórí àpáta kí ewu lè pọ̀ sí i, tàbí kí ó wọ bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Á wò yín bí ẹni tí orí yín kò pé. Bó bá jẹ́ ewu ló ń rà, ẹni tó mutí yó ni ìbá jèrè jù lórí Crib Goch. Aristotle ti sọ tipẹ́ pé àárín ojo àti aláìbìkítà ni akọni dúró sí, ibi tí èèyàn á sì dúró sí yẹn kò ṣeé fi ẹ̀rọ wọ̀n kalẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wò ó, níbi tó wà, ní wákàtí tó wà. Mo mọ̀ pé òmùwẹ̀ ní í bódò lọ. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò sọ pé kò ní sí òkú. Àmọ́ ohun tó dára nínú ọ̀nà kan ni mò ń wá, kì í ṣe ohun tó dájú.

Àtakò tó le jù fún mi ni ti Aonach Eagach, ní Glen Coe ní ilẹ̀ Scotland. Ìpele kejì ni, àwọn tó mọ òkè sì kà á mọ́ ọ̀nà tó dùn jù ní gbogbo erékùṣù Britain. Bí ènìyàn bá ti sọ̀kalẹ̀ láti Am Bodach bọ́ sórí orí òkè tóóró yẹn, kò sí ibi tó ti lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láìléwu títí yóò fi dé Stob Coire Leith. Àfonífojì Glen Coe àti títì rẹ̀ ń dán nísàlẹ̀, ó rí i, kò lè lọ bá a. Ṣé ọ̀nà burúkú nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà tún gbòòrò ju òkè lọ, torí àwọn yíyàn tó níyì jù láyé ni àwọn tí kò ní ìpadà. Ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí a ń dán wò. Ọba tó wọ ìpèbí kì í bọ́ adé padà fún afọbajẹ. Ìgbàgbọ́ pàápàá, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun ìtúlẹ̀ tó tún bojú wẹ̀yìn kò yẹ. Kí ló dé tí ọ̀nà tó ṣeé padà á fi wá dára ju èyí tí kò ṣeé padà?

Ohun tí mo rí ni pé ẹnì kan wà ní òdìkejì gbogbo àwọn yíyàn wọ̀nyẹn. Ọkọ tàbí aya ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀ náà. Ìlú ti gba ọba. Onígbàgbọ́ ní Ọlọ́run tó gbà pé kì í dalẹ̀. Àìlèpadà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti fi ara ẹni lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àpáta kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ bí ẹní fi ara lé ọkọ tàbí Ọlọ́run lọ́wọ́ ti ṣi àdírẹ́sì mú. Ní ti Aonach Eagach, ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Am Bodach fúnra rẹ̀ le, ó dúró bí oníbodè, ó ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé báyìí ni mo ṣe rí. Ẹni tí ibẹ̀ bá bà lẹ́rù á padà nígbà tí ìpadà ṣì wà. Ọ̀nà náà kò tan ẹnikẹ́ni bí Broad Stand ti tan Coleridge. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣì gbà pé ó ń béèrè jù, àti pé ẹni tó ní ọjọ́ kan péré, tí ojú ọ̀run kò sì dá a lójú, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn ẹlẹ́sìn ní tiwọn. Àwọn kan á ní kò sí ohun tí yíyan ọ̀nà lè ṣe, ọjọ́ tí a dá féèyàn ni yóò lò, ìbáà wọ rélùwéè, ìbáà rìn lórí Crib Goch. A ti kúnlẹ̀, a ti yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Àmọ́ Ifá tó sọ ìyẹn fún wa kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó tún sọ pé àwọn orí ṣèpàdé nígbà kan, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n gbèrò kò sì ṣeé ṣe títí wọ́n fi padà lọ pè é. Orí ni a yàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ń yàn lójoojúmọ́. Ó ṣòro láti rí ibi tí iṣẹ́ ẹsẹ̀ ti hàn gbangba tó orí àpáta, níbi tí ìka ẹsẹ̀ kan lórí òkúta tó fẹ̀ tó owó bébà ti ń gbé gbogbo èèyàn dúró. Àwọn mìíràn á ní dídán Ọlọ́run wò ni, pé èṣù ló sọ fún Jésù kó bẹ́ sílẹ̀ láti téńté tẹ́ḿpìlì. Ẹ wò ó dáadáa: bíbẹ́ ló ní kó bẹ́. Jésù kọ̀ láti ju ara rẹ̀ sí ibi tí áńgẹ́lì nìkan ti lè gbani. Ẹni tó yàn láti máa lọ sí ibi tó ti lè padà wá kò fi iṣẹ́ kankan rán áńgẹ́lì.

Àwọn kan tún wà tó ní òkè ń fa ọkàn kúrò nínú ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìí wọn ni Petrarch, ará Italy, tó kọ̀wé pé òun gun Mont Ventoux ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Épírìlì 1336, tó ṣí ìwé Augustine ará Thagaste, ọmọ Áfíríkà, lórí òkè, tí ìwé náà sì bá a wí pé àwọn èèyàn ń lọ wo òkè, wọ́n ń gbàgbé ara wọn. Ẹ tún lẹ́tà rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó ṣí ìwé kankan ló ti ń wá ọ̀nà tó dẹ̀, tí ọ̀nà dídẹ̀ sì ń kó o lọ sí àfonífojì, nígbà tí àbúrò rẹ̀ gba ibi tó dúró ṣánṣán lọ tààrà. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ṣe ń lo ayé òun. Ọ̀nà ti bá a wí kí ìwé tó bá a wí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kù nílé ni kò ní ìdáhùn tó rọrùn. Ní 1805, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Charles Gough, kú lórí òkè Helvellyn; wọ́n gbà pé etí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Striding Edge ló ti jábọ́. Oṣù mẹ́ta ni ajá rẹ̀ fi wà ní ẹ̀gbẹ́ òkú kí wọ́n tó rí i, Wordsworth àti Walter Scott sì kọ ewì lé e lórí. Lónìí, àwọn tó máa lọ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí òkè England àti Wales kì í gba owó oṣù fún un; wọ́n á kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nídìí oúnjẹ, wọ́n á gbé àga ìgbókùú-gbálàáyè lọ sínú kùrukùru. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀mí òun nìkan ni òun ń fi ta tẹ́tẹ́ lórí òkè, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ẹ̀sùn yìí kò dọ́gba lórí gbogbo ọ̀nà. Lórí Striding Edge, ojú ọ̀nà kan wà díẹ̀ nísàlẹ̀ téńté, tí ẹni tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbé lè bọ́ sí. Ẹni tó yan irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tó sì bọ́ sísàlẹ̀ lásìkò, ti ro ti àwọn èèyàn yẹn mọ́ tirẹ̀.

Lórí Blencathra, tó ga tó mítà 868, ọ̀nà méjì ya ní etí adágún Scales Tarn. Ọ̀kan gba Sharp Edge, òkúta tí òjò máa ń sọ di ọ̀bọ̀rọ́; èkejì gba ẹ̀yìn Scales Fell, koríko ni, ó gùn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ yà ní fọ́tò níbẹ̀. Orí kan náà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó wá nítorí Sharp Edge, tó wakọ̀ láti Manchester láti ìdájí, tó na ọwọ́ sí òkúta àkọ́kọ́ tí omi sì ń kán ní ìka rẹ̀, lè nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò, kó yí padà, kó gba inú koríko lọ.